Alárenà Orin ní Ilẹ̀ Kánádà

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn alámèyítọ́ ń ṣe lórí orin, kò sí èyí tí ará ìlú ń lò tó iṣẹ́ ìjúwe, èyíinì ni kí ẹni tó ti gbọ́ orin kan pe ẹni tí kò tí ì gbọ́ ọ kí òun náà wá gbọ́. Síbẹ̀, kò sí èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò tó o, nítorí wọ́n rò pé ẹnu lásán ni a fi ń ṣe é. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Mo gbà pé iṣẹ́ ọnà ni ìjúwe orin, pé ó ní òfin tirẹ̀, ó ní ọ̀gá, ó sì ní ọ̀bọrọgidi, a sì lè fi ojú lámèyítọ́ yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ewì tàbí ère wò. Bí a bá sì ń wá ibi tí a ti lè rí agbára àti àìlera rẹ̀ kedere, n kò mọ ibi tó dára ju ilẹ̀ Kánádà lọ, láàrin àwọn olórin adádúró ibẹ̀, àwọn tí kò sí lábẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ńláńlá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi owó ara wọn gba orin wọn sílẹ̀.

Alárenà ni ẹni tí ń júwe orin tuntun. Láyé àwọn baba wa, alárenà kì í ṣe ẹni tí ń pariwo ẹwà wúńdíá láàrin ọjà. Ó ní láti mọ ilé ọkọ, kí ó mọ ilé ìyàwó, kí ó wádìí àrùn, kí ó wádìí gbèsè, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ́ lọ́la, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì parí, kò ní í jókòó ti tọkọtaya, nítorí bí ojú bá ti mọ ojú tán, alárenà a yẹ̀bá. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń júwe orin nìyí.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi nira ní Kánádà kò fara sin. Ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 10 mílíọ̀nù kìlómítà onígun mẹ́rin ní fífẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 mílíọ̀nù lọ, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì tò sí ẹ̀bá ààlà Amẹ́ríkà. Láti Vancouver létí òkun ìwọ̀-oòrùn dé Halifax létí òkun ìlà-oòrùn, ọ̀nà náà lé ní 5,000 kìlómítà. Ẹgbẹ́ olórin tó bá sì gbéra ní Toronto láti lọ kọrin ní Winnipeg yóò wakọ̀ ju 2,000 kìlómítà lọ, òkúta, igbó àti adágún omi ni wọn yóò máa rí, ìlú tí wọ́n lè yà sí kí wọ́n fi orin rí owó epo kò sì tó nǹkan. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òkìkí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹnìkan ní láti gbé e. Amẹ́ríkà sì wà nítòsí, aládùúgbò tí ohùn rẹ̀ ròkè ju ti onílé lọ, tí ń da orin tirẹ̀ bo rédíò mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án lóru.

Ìjọba kọ́kọ́ fi òfin wá ojútùú sí i. Ní 1971, CRTC, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, pàṣẹ pé 30 nínú 100 orin tí àwọn rédíò AM bá ń lù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Kánádà; ní 1999 wọ́n gbé e dé 35 fún orin ìgbàlódé, àwọn rédíò elédè Faransé sì ní òfin tiwọn pé 65 nínú 100 orin wọn gbọ́dọ̀ wà ní èdè náà. Bí wọ́n ṣe ń mọ orin ọmọ onílé ni pé wọ́n ń wo ẹni tó ṣẹ̀dá ohùn orin, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ jáde lẹ́nu, àti ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́rin bá jẹ́ ti Kánádà, ó tó. Òfin yìí ṣe rere, n kò sì ní fara mọ́ ẹni tó bá ní kí wọ́n fagi lé e. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò kan wà tó ń kó orin onílé jọ sí wákàtí tí oorun ti gbé gbogbo ènìyàn lọ, títí ìgbìmọ̀ náà fi ní láti pàṣẹ pé kí wọ́n pín in dé ojú ọ̀sán. Èyí tí wọ́n sì ń lù lọ́sàn-án kò ju ti àwọn gbajúmọ̀ díẹ̀ lọ, tí wọ́n ń lù ní àlùtúnlù. Òfin mọ ìwé ìbí orin, kò mọ orin.

Àwọn tó mọ orin ń ṣiṣẹ́ lóru. Láti 1984 títí di 2007, rédíò ìjọba, CBC, ń gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní Brave New Waves jáde láti Montreal ní ọ̀gànjọ́ òru; Brent Bambury, àti Patti Schmidt tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀, a máa lu orin tí ẹlòmíràn kò ní fọwọ́ kàn, wọn a sì sọ ìdí tí wọ́n fi lù ú, débi pé ọmọ tó wà ní ìgbèríko Saskatchewan, tí kò sí ilé ìtajà àwo orin ní ìtòsí rẹ̀, lè dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn kí ó sì mọ àrà tí wọ́n ń dá ní ìlú ńlá. Àwọn rédíò yunifásítì bíi CiTR ní Vancouver ń ṣe bẹ́ẹ̀, Exclaim!, ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ tí ó ń jáde láti Toronto láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí CBC dá Radio 3 sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2000, iṣẹ́ náà bọ́ sí ojúmọmọ. Grant Lawrence, tí ohùn rẹ̀ di ojúlùmọ̀ níbẹ̀, ti jẹ́ akọrin nínú ẹgbẹ́ the Smugglers ti Vancouver kí ó tó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ tó wà lójú ọ̀nà, ó mọ ilé ọkọ, ó mọ ilé ìyàwó.

Síbẹ̀, ó dùn mí láti sọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ará Kánádà kì í gba ìjúwe ará ilé gbọ́ àfi bí àlejò bá tún un sọ. Àwo You Forgot It in People, tí ẹgbẹ́ Broken Social Scene ti Toronto ṣe, ti jáde nílé láti 2002, ṣùgbọ́n ìgbà tí Pitchfork, ìwé ìròyìn orin orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, fún un ní 9.2 nínú 10 ní 2003 ni òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ní 2004, wọ́n fún Funeral, àwo tí ẹgbẹ́ Arcade Fire ti Montreal ṣe, ní 9.7, ìlú Montreal fúnra rẹ̀ sì di ìran àpéwò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àmọ́ níhìn-ín òde ni wọ́n ti kó ẹ̀ṣọ́ wálé. Yàtọ̀ sí èyí, nọ́ńbà kì í júwe orin. Ẹni tí a bá sọ 9.7 fún mọ̀ pé nǹkan kan wu ẹnìkan. Kò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ẹbí ń ṣẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo ọ̀hún, pé ìsìnkú ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, àti pé ìró ayọ̀ tí ń bú jáde níbẹ̀, ara ẹkún ni.

Ẹ̀bùn Polaris, tí Steve Jordan dá sílẹ̀ ní 2006, ni èsì tó gbọ́n jù lọ tí mo rí sí ìṣòro yìí. Àwọn akọ̀ròyìn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò àti alámèyítọ́ ni wọ́n ń yan àwo tó dára jù lọ́dún, wọn kì í sì í béèrè iye tó tà tàbí ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ àwo mẹ́wàá sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ènìyàn 11 á wọ yàrá, wọ́n á sì jiyàn títí wọn yóò fi mú ọ̀kan. Lójú tèmi, àwo mẹ́wàá yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀kan tó borí lọ, nítorí ìjúwe ni ti mẹ́wàá, ìdíje ni ti ọ̀kan. Ẹgbẹ́ Godspeed You! Black Emperor, tó borí ní 2013, fi ìwé ránṣẹ́ láti bu ẹnu àtẹ́ lu ayẹyẹ olówó ńlá náà, wọ́n sì ní àwọn yóò fi owó ẹ̀bùn ra ohun èlò orin fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Quebec. Ìbáwí wọn tọ́ sí ayẹyẹ. Kò tọ́ sí yíyàn àwo.

Báwo ni ìjúwe rere ti í rí? Ẹ jẹ́ kí a mú The Party, àwo tí Andy Shauf, ọmọ Saskatchewan, ṣe ní 2016. Òun fúnra rẹ̀ ló lu ọ̀pọ̀ jù lọ ohun èlò inú rẹ̀. Àríyá kan ṣoṣo ni gbogbo orin inú rẹ̀ dá lé, tí ẹnìkan tètè dé ṣáájú àwọn àlejò yòókù, tí ẹlòmíràn sì sọ ohun tí kò yẹ kí ó sọ. Ẹni tó bá yọ orin kan ṣoṣo níbẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣe é ní ibi, nítorí ìtìjú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń ti ara wọn lẹ́yìn ni, láti orin dé orin. Alárenà tó mọ iṣẹ́ yóò wí pé: kí o gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, kí o ní sùúrù fún ohùn rẹ̀ tó dà bí ti ẹni tí ń ráhùn sínú, kí o sì fetí sí klarinẹ́ẹ̀tì, nítorí ohun tí àwọn aláríyá kò lè fi ẹnu sọ, klarinẹ́ẹ̀tì ló ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí kò tún nílò pé kí a ki Shauf fún un mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá pọ̀ bí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ náà kí a tó sọ ọ́ ní Kánádà. Tanya Tagaq, ọmọ Inuit, àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìnyín, ará Cambridge Bay ní Nunavut, obìnrin tí ọ̀fun rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ odindi agbo onílù, gba Polaris ní 2014 pẹ̀lú àwo Animism. Obìnrin méjì ni í máa ń kojú ara wọn ṣe orin ọ̀fun àwọn Inuit; Tagaq ń dá a ṣe. Ìṣọwọ́júwe rẹ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn kan kò dára, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ nípa ẹranko tàbí ìjì, ó sì bí mi nínú, nítorí ọgbọ́n àti ìdánrawò ni ohun tí obìnrin yìí ń ṣe. Jeremy Dutcher, ọmọ Wolastoqiyik láti Tobique ní New Brunswick, gba ẹ̀bùn yìí kan náà ní 2018 pẹ̀lú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́. Maggie Paul, àgbà obìnrin kan nínú ẹ̀yà rẹ̀, ló júwe fún un pé àwọn ohùn àtijọ́ kan wà ní ilé ìpamọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba, èyí tí William Mechling bẹ̀rẹ̀ sí gbà sórí ìda ní 1907. Ó lọ gbọ́ wọn, ó fi dùùrù àti ohùn tẹnọ̀ tó kọ́ nílé ìwé gbé wọn ró, ó sì jẹ́ kí ohùn àwọn òkú ọ̀run kọrin pẹ̀lú tirẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ìyá yẹn bá pa ẹnu mọ́, àwo náà kì bá tí sí. Kò sí lámèyítọ́ kan lórí àwo náà tó tó ìjúwe ìyá náà. Nígbà tí Dutcher tún borí ní 2024 pẹ̀lú Motewolonuwok, tí ó ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo ṣì ń rán ènìyàn lọ sí ti àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń júwe orin fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Orin tí ń jáde lójoojúmọ́ ti kọjá ohun tí etí kan lè gbọ́; gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run, n kò sì dá àwọn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ lẹ́bi. Ẹ̀rọ mọ ohun tí o gbọ́ lánàá, ó sì ń fún ọ ní àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjúwe rẹ̀ bá kùnà, kò sí ẹni tí a ó ránṣẹ́ pè. Òfin 2023 ti mú àwọn ilé-iṣẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì wá sábẹ́ CRTC. Ohun tí mo wí nípa òfin ti 1971 ni mo ṣì ń wí.

Ó ku ọ̀ràn kan tó kan àwa gan-an. Oluwatobi Ajibolade, tí ń kọrin ní orúkọ TOBi, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Kánádà, gba Juno, ẹ̀bùn orin Kánádà mìíràn, fún orin ráàpù ní 2021. Debby Friday, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Montreal, gba Polaris ní 2023 pẹ̀lú Good Luck. Ìwé ìròyìn ilé àti ti òkèèrè ń fi ibi tí wọ́n ti wá ki wọ́n, wọ́n sì ń dúró síbẹ̀, bí ẹni pé orírun ẹni ni ìró orin ẹni. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ nípa TOBi ni bí ohùn rẹ̀ ti ń yí láti ọ̀rọ̀ sísọ sí orin kíkọ láìjẹ́ kí a rí ojú ibi tó ti yí. Nípa Debby Friday, ìlù kọ̀ǹpútà rẹ̀ wúwo, ó sì le, ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mọ́ irú rẹ̀ lè sá. Nítorí náà n kì í fi orin tó pe àwo náà lórúkọ ṣáájú fún ẹnikẹ́ni. "So Hard to Tell" ni mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn, níbi tó ti rọ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ ìgbà èwe sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyẹn dé òpin yóò mọ ẹni tí ń pariwo nínú àwọn yòókù, kò sì ní í bẹ̀rù rẹ̀.