Sáà Tó Tán Nígbà Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Dùn: Líìgì Bọ́ọ̀lù Àwọn Obìnrin Wa, 2023–24

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín: kí ló kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù? Ẹ fara balẹ̀. Ìyá kan ló bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Ìyá náà ń ta aṣọ ní Sábó níbí, nílé-Ifẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní SS2, máa ń bá àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ká má parọ́, ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kan ni ìyá rẹ̀ dá mi dúró, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ yìí ní bọ́ọ̀lù lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ṣé iṣẹ́ ni lóòótọ́, àbí eré?"

Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Mo wálé, mo sì ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mú sáà kan nínú líìgì àwọn obìnrin Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní NWFL Premiership, mo sì kà á bí a ṣe ń ka ìtàn àròsọ ní kíláàsì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Sáà 2023–24 ni mo mú, nítorí pé ó ti parí pátápátá, a sì ti mọ ibi tí ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe to ìtàn náà. Ẹgbẹ́ 16 ló wà níbẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì, mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbá ọ̀kan nílé pẹ̀lú àwọn méje yòókù, á sì lọ bá wọn gbá ọ̀kan nílé tiwọn. Ìyẹn jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14. Lẹ́yìn èyí, mẹ́ta tó ṣíwájú níhìn-ín àti mẹ́ta tó ṣíwájú lọ́hùn-ún á kóra jọ sí ìlú kan ṣoṣo. Wọ́n á gbá márùn-ún sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á sì fún ẹni tó bá borí ní ife. Èyí ni wọ́n ń pè ní Super Six. Ní 2024, Benin City ni wọ́n ti gbá a, ní pápá Samuel Ogbemudia. Edo Queens, tí wọ́n jẹ́ onílé níbẹ̀, ló gba ife náà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 19 ni Edo Queens gbá láti di ọba líìgì. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá tí kò dé Super Six gbá 14 péré. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú líìgì NPFL gbá 38. Ìdajì gééré ni ẹni tó gbá jù lọ láàárín àwọn obìnrin gbá.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi, ẹ ó rántí ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́: ìtàn tí kò fún wa láyè láti mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ìròyìn lásán ni. Bí sáà bọ́ọ̀lù ṣe rí nìyẹn. Nínú ọjọ́ kejìdínlógún, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wúwo, tí òjò ti ń rọ̀, tí ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ń jà kí ó má baà já bọ́, níbẹ̀ la ti ń mọ agbábọ́ọ̀lù. Níbẹ̀ náà ni ará ìlú ti ń kọ́ orúkọ wọn lórí. Sáà 2023–24 yìí mú wa dé àárín ìtàn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, ó sì pa ìwé dé. Orí tó kẹ́yìn wá di ti ìlú kan ṣoṣo. Ẹni tó ti ń tẹ̀lé Rivers Angels láti oṣù dé oṣù ní Port Harcourt kò lè rí òpin rẹ̀ nílé. Àfi kó wọkọ̀ lọ sí Benin, tàbí kó máa wá a kiri lórí fóònù.

N kò sọ pé Edo Queens kò tọ́ sí ife náà o. Ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ dáhùn fúnra wọn nígbà tí wọ́n lọ ṣojú wa nínú ìdíje CAF Women's Champions League ní Mòrókò, ní oṣù kọkànlá 2024, tí wọ́n sì wà lára mẹ́rin tó kù sẹ́yìn. Bayelsa Queens ti ṣe ipò kẹta níbẹ̀ ní 2022. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ní 2023, Asaba ni wọ́n ti gbá Super Six, Delta Queens ti Asaba ló borí. Ní 2024, Benin, Edo Queens ló borí. Ní 2025, Bayelsa Queens lọ gba tiwọn lóko, ní Ikẹnnẹ, nítorí náà kì í ṣe òfin pé onílé gbọ́dọ̀ jẹ. Síbẹ̀, líìgì tí a ń fi ariwo ìlú kan dá lẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Àwọn ọkùnrin náà ti tọ́ Super Six wò. Ní sáà 2022–23, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ́, àyè kò sí mọ́, wọ́n bá pín ẹgbẹ́ 20 sí méjì, wọ́n sì kó mẹ́fà lọ sí Èkó. Enyimba ló gba ife. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àrà ọjọ́ ìṣòro ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà sí 38 wọn. Ohun tí a fi tán ìṣòro ọdún kan fún ọkùnrin ni a sọ di oúnjẹ òòjọ́ fún obìnrin. Ní Ikẹnnẹ kan náà tí wọ́n ti fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún márùn-ún dá líìgì obìnrin lẹ́jọ́ ní 2025, Remo Stars ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì ọkùnrin lẹ́yìn tí wọ́n ti jà á láti ìlú dé ìlú fún odidi sáà ni.

Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì 1920, àwọn obìnrin Dick, Kerr Ladies gbá bọ́ọ̀lù ní Goodison Park, Liverpool, òǹwòran bí 53,000 sì péjọ. Kò pé ọdún kan tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ, ní oṣù Kejìlá 1921, pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ tẹ pápá ẹgbẹ́ kankan tó wà lábẹ́ àwọn mọ́. Bí 50 ọdún ni òfin yẹn lò. Pápá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn. Níhìn-ín lónìí, pápá wà, ọjọ́ ni kò tó.

Àwọn kan á ní, "Prof, owó ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́?" Òótọ́ ni. Láti Àkúrẹ́ tí Sunshine Queens wà dé Yola tí Adamawa Queens wà, ìrìn ọjọ́ kan kọ́, ewu ojú ọ̀nà sì pọ̀. Super Six náà ní oore tirẹ̀: àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri máa ń rí ẹgbẹ́ mẹ́fà lójú kan, kámẹ́rà náà sì máa ń wà níbẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn ọkùnrin ń gbà fún 38. Bí owó kò bá tíì tó fún tábìlì kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́fà náà gbá tiwọn nílé àti lóko. Márùn-ún á di mẹ́wàá, ìlú mẹ́fà á sì rí òpin ìtàn náà nílé. Kí àwọn mẹ́wàá tó kù náà sì rí nǹkan gbá, kí wọ́n má jókòó tẹtẹrẹ di ọdún mìíràn. Federation Cup nìkan kò tó, nítorí ẹni tó bá ti fìdí rẹmi níbẹ̀, ilé ló ń lọ.

Nítorí pé inú líìgì yìí làwọn tí a ń jó fún ti jáde. Asisat Oshoala gbá fún FC Robo ní Èkó, ó gbá fún Rivers Angels, kó tó lọ sí Liverpool ní 2015. Rasheedat Ajibade náà, FC Robo ni. Chiamaka Nnadozie, Rivers Angels ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2025, ní Rabat, Mòrókò ti fi góòlù méjì sílò kí Super Falcons tó dá a padà sí mẹ́ta sí méjì, tí wọ́n sì gba ife Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá. Gbogbo wa pariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀lọpẹ̀ àgídí àwọn ọmọ náà. Ìgbà ìkórè nìkan la mọ ọ̀nà oko.

Mo padà lọ bá ìyá yẹn ní Sábó. Mo sọ fún un pé: "Ìyáa wa, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ wọn síṣẹ́ fún ọjọ́ 14 péré ní sáà 2023–24 ni. Jẹ́ kó máa gbá a, má sì jẹ́ kó fi ìwé sílẹ̀." Ó dúpẹ́. Ọmọ náà, tó ń ká aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, gbójú sókè, ó ní: "Bàbá, ìgbà wo ni Osun Babes tún máa gbá bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo? Mo fẹ́ lọ wò wọ́n."

Òṣogbo kò jìnnà sí wa; kéèyàn gba Sẹ̀kọ̀nà àti Ẹdẹ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fi odidi ọ̀sẹ̀ kàwé nípa líìgì yìí, n kò lè sọ ọjọ́ kan fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sórí aṣọ tó ń ká.