Lébìrà, Bíríkìlà àti Ọjọ́ Orí ní Bàrígà

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da dẹ́kìn ní Bàrígà, ní Èkó, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn lébìrà á ti pé síbi iṣẹ́. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí sìmẹ́ǹtì bá ti pàdé omi, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, àfi kí wọ́n dà á kó tó le. Nítorí náà wọ́n á tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, páànù kọ̀ǹkéré á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, orin ń lọ, òógùn ń bọ́. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ǹtì kan. Mo ti rí ọmọkùnrin tó gbé e lérí, tó ń sáré gun pákó lọ. Owó ìrọ̀lẹ́ ló ń lé e.

Ẹ wá wo bàbá bíríkìlà tó dúró létí òpó. Kò ru nǹkan kan. Rọ́bà gígùn kan tí omi wà nínú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí ojú ń rí inú rẹ̀. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ mú etí kan lọ sí òpó òdìkejì, ó mú èkejì dání, ó dúró títí omi fi simi. Ibi tó simi sí níhìn-ín náà ló simi sí lọ́hùn-ún. Ó fi pẹ́ńsù fàlà sí i. Lẹ́yìn náà ló wo ògiri tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ láàárọ̀, ó fọwọ́ pa á, ó ní kí wọ́n tú ìlà méjì tó wà lókè. Kò pariwo. Bí a bá ń ka búlọ́ọ̀kù, ọmọ ogún ọdún ló borí. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ bí a ṣe lè pe ògiri tí wọ́n máa padà wó ní iṣẹ́ púpọ̀. Orúkọ ni bàbá yìí ń ṣiṣẹ́ fún. Ilé tó kọ́ wà káàkiri Ṣómólú, ó sì ń gba iwájú wọn kọjá lójoojúmọ́.

Ọ̀pọ̀ yanrìn tí wọ́n ń fi kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí, láti inú ọ̀sà ló ti wá, ní èbúté Ìlàjẹ ní Bàrígà. Òmùwẹ̀ á mí kanlẹ̀, á di àkàbà mú, á bá garawa sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn omi, á wa yanrìn, á gòkè wá dà á sínú ọkọ̀. Iṣẹ́ yìí kì í bá èèyàn dàgbà.

Nígbà kan, ọ̀kadà kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kúrò nídìí iṣẹ́ ilé, àwọn ará Kútọnu àti Tógò sì gba àyè wọn, pàápàá nínú iṣẹ́ táìsì. Lọ́dún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, tí Bàrígà wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì padà wá. Ọkàn mi máa ń fà sí wọn. Ẹni tó ti bímọ mẹ́ta á máa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ àbúrò rẹ̀.

“Ọ̀gá, ṣé ó ti tọ́ báyìí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i.”

Irú wọn kì í pẹ́ mọṣẹ́, nítorí owó ilé ìwé ọmọ ti dúró dè wọ́n nílé.