Ìwé ABD Tí Ó Fi Ìbọn Kọ́ Ọmọ

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gbà pé ìtàn-àròsọ, eré-onítàn àti ewì nìkan ni ó yẹ kí a máa yẹ̀ wò nínú ìwé yìí. N kò bá wọn jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí ènìyàn ń kà ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí, òun náà ni ìwé ABD. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó ń yan ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò fi ojú rí lórí tákàdá. Ìwé irú rẹ̀ ni mo mú wá, àwọn tí a ṣe fún ọmọ Afghanistan ní èdè Dari àti Pashto ní àwọn ọdún 1980. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Craig Davis ṣe sí díẹ̀ nínú wọn ní ọdún 2002 ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1979 ni ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ Afghanistan. Àìmọye ènìyàn sá lọ sí Pakistan, níbi tí Ọ̀gágun Zia-ul-Haq ti ń fi ẹ̀sìn ti ìjọba rẹ̀ lẹ́yìn láti ọdún 1977. Amẹ́ríkà kó owó wá fún àwọn ajàjàgbara, Sáúdí Arébíà sì ń fi iye kan náà lé e. Láti ọdún 1984 sí 1994, USAID, àjọ ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ná mílíọ̀nù 51 dọ́là lórí ètò ẹ̀kọ́ tí Yunifásítì Nebraska ní Omaha ń ṣe fún àwọn ará Afghanistan. Inú owó yìí ni àwọn ìwé náà ti jáde. Ẹ ṣàkíyèsí pé yunifásítì ni, kì í ṣe àgọ́ ọmọ ogun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dúró fún Allah. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bí a bá lọ síwájú díẹ̀, lẹ́tà kan dúró fún ìbọn, òmíràn fún jìháàdì, a sì sọ fún ọmọ pé ọ̀ranyàn ni. Ọmọ tí kò tíì lè kọ orúkọ baba rẹ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan lè wí pé ìbọn ni ó yí ọmọ Afghanistan ká nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ajá àti bàtà ti yí ọmọ tiwa ká. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀. Ńṣe ni òǹkọ̀wé yan èyí tí ó wù ú.

Kì í ṣe ẹ̀sìn ni mo ń bá wí. Ọwọ́ ìjọ C.M.S., lọ́dọ̀ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ìwé kíkà Yorùbá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì fi wàláà kọ́ álífù ní ilé kéwú, tí kò tìtorí rẹ̀ gbé idà. Àbùkù tí mo rí ni pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ẹ bi ààfáà tí ó gbọ́ Lárúbáwá dáadáa, yóò sọ fún yín pé ìsapá ni jìháàdì, àti pé kí ènìyàn bá ọkàn ara rẹ̀ jà wà nínú rẹ̀. Ìwé yìí fi pípa ọ̀tá nìkan sílẹ̀. Àwọn ìjọba tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò wá ìtumọ̀ kejì, nítorí kò lè lé Rọ́ṣíà lọ.

Ìṣirò wọn ni ó yà mí lẹ́nu jù. Nínú ìwé kíláàsì kẹrin, a ní ọta ìbọn Kalashnikov ń sáré mítà 800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ará Rọ́ṣíà kan wà ní mítà 3,200. Ajàjàgbara dojú ìbọn kọ orí rẹ̀. Ìgbà wo ni ọta yóò bà á? Ìdáhùn ni ìṣẹ́jú àáyá 4. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa dín eré ọta kù, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìbọn yẹn wá orí ènìyàn rí ní nǹkan bí máìlì méjì. Irọ́ ni, àní lójú ìṣirò pàápàá. Orí yẹn ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ máa wò. Nọ́ńbà kàn bá a rìn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ gírámà, ẹ wo irú gbólóhùn yìí. Àyè kan wà nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀-orúkọ, èyíinì ni ẹni tí a ó yìnbọn fún. Ní oṣù Kejì ọdún 1989 àwọn ará Rọ́ṣíà kó ẹrù wọn lọ. Ọ̀rọ̀-orúkọ dìde, gbólóhùn kò parẹ́. Àyè ṣófo, ó ń retí ẹlòmíràn. Àwọn tí ó sanwó ìwé rò pé bí ọ̀tá bá lọ, ẹ̀kọ́ yóò bá a lọ. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Àwọn wọ̀nyí kò pẹ̀ka rẹ̀, omi ni wọ́n ń bu sí i nídìí. Ọmọ ọdún 7 tí ó kàwé yìí ní 1986 di ọmọ ọdún 17 ní 1996, nígbà tí Taliban gba Kabul.

N kò sọ pé ìwé ABD ni ó wó ilé ní New York. Àwọn Lárúbáwá tí ó já ọkọ̀ òfuurufú gbà ní ọdún 2001 kò fi Dari tàbí Pashto kàwé; ẹni tí ó bá so ó pọ̀ báyẹn ń kánjú. Ṣùgbọ́n wọ́n nílò onílé. Ní Peshawar, tí ètò ìwé yìí fi ṣe ibùjókòó, ni a ti dá Al-Qaeda sílẹ̀ ní 1988. Ọ̀dọ̀ Taliban, tí ọ̀pọ̀ wọn dàgbà ní àgọ́ ogunléndé àti ilé kéwú ní Pakistan, ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe ilé nígbà tí bọ́ǹbù rẹ̀ pa ènìyàn 224 ní Nairobi àti Dar es Salaam ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1998. Ọmọ Áfíríkà ni ó pọ̀ jù nínú òkú.

Taliban náà lo ìwé yìí, wọ́n sì tún un ṣe, nítorí wọn kò fẹ́ àwòrán ènìyàn. Ní ojú ìwé kan, jagunjagun dúró pẹ̀lú Kalashnikov ní èjìká. Orí rẹ̀ kò sí mọ́, ìbọn rẹ̀ pé pérépéré. Ní ọdún 2002, Amẹ́ríkà tún sanwó, yunifásítì kan náà sì tún ìwé tẹ̀, wọ́n yọ ìbọn kúrò. Olóòtú méjì, ìwé kan: ọ̀kan yọ orí, èkejì yọ ìbọn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé, ti èkejì sàn jù lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 7 wa ìjọ́un ti pé ẹni ọdún 23 nígbà náà, kò sì ní padà sí kíláàsì kìíní.