Awò Ìwẹyẹ fún Ọmọdé

Ẹ̀gà kì í panu mọ́. Lórí ọ̀pẹ ní Ìjan-Èkìtì, akọ wọn ló ń fa imọ̀ ya, tí yóò fi hun ìtẹ́ rọ̀ sókè. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá fẹ́ rí bó ṣe ń ta kókó nílò awò olójú méjì, mo sì kan sáárá sí òbí tó bá mọ̀ ọ́n yàn.

Ọ̀pọ̀ rò pé èyí tó bá fa nǹkan mọ́ra jù ló dára jù. Rárá o! Awò 10x42 wúwo, ọwọ́ ọmọ á gbọ̀n, ẹyẹ á sì máa jó lójú rẹ̀. 6x21 ti tó: 6 ni iye ìgbà tó ń fa nǹkan súnmọ́ni, 21 ni ìbú dígí iwájú ní mìlímítà. Òbí tó gbọ́n á kọ́kọ́ ká ojú méjèèjì awò náà súnmọ́ra, nítorí ojú ọmọdé súnmọ́ra ju ti àgbà lọ. Bí ọmọ bá ṣì ń rí àwòrán méjì, ẹ dá awò náà padà fún ọlọ́jà. Kó ní rọ́bà lára pẹ̀lú, torí ó dájú pé yóò já bọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi wo oòrùn láé o. Ó lè fọ́ ọ lójú.