Fíìmù Wo Ni Kí Ìyàwó Ojú Ọ̀nà Wò?

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ó relé ọkọ. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé nípa sinimá, ẹ bá mi wá fíìmù ìgbéyàwó tó dùn. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ jókòó wò ó kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀." Mo ní kò burú. Mo kó àwo fídíò mẹ́ta sínú àpò, mo wọ ọkọ̀ ní Èkó, ó di Ọ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ Ọ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ rí, ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin àti ilẹ̀ Ìgbò ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Ọmọ Òdìgbó ni wá, ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ̀ ni Màmá wa ń gbé, ilé wọn la sì ti fẹ́ wo fíìmù náà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Màmá ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò ní fi ẹsẹ̀ àwọn tẹ ibi ìgbéyàwó náà. Ọmọ Ìgbò ni ọkọ ìyàwó.

Ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Ọ̀rẹ̀ ni o! Ẹ̀yà ara mọ́tò ni bàbá rẹ̀ ń tà, ọmọkùnrin náà sì gbọ́ èdè Oǹdó ju èmi tí mo ti di ará Èkó lọ.

The Wedding Party ni mo kọ́kọ́ fà yọ, èyí tí Kemi Adetiba darí. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, ó wọ àwọn ilé sinimá tiwa, owó tó sì pa lé ní 400 mílíọ̀nù náírà. Kò sí fíìmù Nàìjíríà kan tó tíì pa tó bẹ́ẹ̀ ní ilé sinimá wa nígbà náà. Dúnní, ọmọ Yorùbá, ló fẹ́ fẹ́ Dozie, ọmọ Ìgbò. Sola Sobowale ni ìyá ìyàwó. Háà! Bí obìnrin yẹn bá ti lanu, kí ẹ di àga yín mú. Ireti Doyle ni ìyá ọkọ, ó ń wo àna rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹrẹ̀ ara bàtà. Àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ yọjú, àwọn tí a kò pè wá jẹun, gèlè ń kan àjà. Ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó rí ní ilẹ̀ yìí yóò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọge náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń patẹ́wọ́, nígbà tí ọ̀kan sì rán wọn létí pé ọkọ àti ìyàwó inú fíìmù yìí, Banky W àti Adesua Etomi, fẹ́ ara wọn ní tòótọ́ ní ọdún 2017, igbe ta.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà kejì tí mo wò ó nìyẹn, ohun kan sì ń jẹ mí lára. Ilé méjèèjì kò fẹ́ràn ara wọn. Kí ló fà á? Fíìmù náà kò sọ ohun tó lórí. Àwọn kan ń ṣe fújà, àwọn kan ń pariwo, ó parí. Bí ẹni pé Yorùbá àti Ìgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kò sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn rí ju ọ̀rọ̀ fìlà àti gèlè lọ.

Màmá tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó, ló là á fún mi. Wọ́n ní, "Ṣé Ìgbò ni obìnrin tó ń ṣe fọ́ńté yìí?" Mo ní rárá, Yorùbá ni. "Ọkọ ìyàwó ńkọ́?" Mo ní Yorùbá lòun náà, Bánkọ́lé lorúkọ rẹ̀. Màmá mí kanlẹ̀. "Abájọ. Àwa-ara-wa ni wọ́n jọ ń ṣeré."

Ẹ̀yin alárìíwísí fíìmù, ta ni nínú wa ló rí i sọ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọge náà ní kí a má bínú, ó ní ìyá ọkọ náà le, "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ sí olékú tí wọ́n rán fún ọjọ́ ìdána, bùbá àti ìró kúkúrú tí fíìmù Tunde Kelani, Ó Le Kú, ọdún 1997, sọ di ọ̀ṣọ́ ìgbàlódé padà. Lójú àwọn ọmọ yìí, aṣọ ni olékú. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n pa tẹlifísàn.

Mo pa á.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró. Ìwé ló kọ́ mi ní ìyẹn. Ìwé náà ló kọ́ mi pé ọmọ Yorùbá, Victor Banjo, ni ọ̀gágun tó kó wọn wá. Ohun tí ìwé kò kọ́ mi ni pé ẹ̀gbọ́n Màmá lọ́kùnrin ń wa ọkọ̀ agbégẹdú, ó gbé igi lọ sí Benin ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a kò sì rí òun tàbí ọkọ̀ náà títí di òní. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Màmá. Inú oko kòkó ni wọ́n sá sí. Èmi ọmọ wọn, n kò gbọ́ ju ìdajì ìtàn yìí rí.

Ọmọ ń sunkún. "Màmá àgbà, ẹ kò sọ fún mi."

"Ta ló bi mí?"

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé fíìmù ìgbéyàwó wa dùn lẹ́nu, kò dé ikùn. Ti ọdún 2017 tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n gbé lọ sí Dubai, mo fò ó. Owó ni mo rí níbẹ̀. Èyí tó gbìyànjú ni Thunderbolt tí Kelani ṣe ní ọdún 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Yínká, ọmọ Yorùbá, fẹ́ Ngozi, ọmọ Ìgbò, ó gba ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn gbọ́, ó sì fi màgùn sí i lára. Fíìmù yẹn kò bẹ̀rù láti sọ pé ìfura wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé màgùn síwájú ìyàwó tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án? Mo dá a padà sínú àpò.

Ẹ̀kẹta ni mo gbẹ́kẹ̀ lé: Guess Who's Coming to Dinner, fíìmù Amẹ́ríkà tí Stanley Kramer ṣe. Ọdún 1967 náà ló jáde, ọdún ìjà Ọ̀rẹ̀, ọdún kan náà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin tó kọ̀ fún aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú láti fẹ́ra. Ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun mú dókítà aláwọ̀ dúdú wálé, Sidney Poitier ló ṣe é, àwọn òbí sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ijó, kò sí aṣọ ẹbí. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá méjèèjì, ti ọkọ àti ti ìyàwó, ló kọ̀. Àwọn ìyá ló rọ̀. Ó ní àléébù tirẹ̀ o: wọ́n fọ ọkọ náà mọ́ jù, ó mọ̀wé, ó lókìkí, bí ẹni pé dúdú tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ìyàwó. Síbẹ̀, kálukú wọn sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Òun ni n óò fún ìyàwó tí ilé rẹ̀ kò tíì rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ní kí wọ́n lọ pe bàbá ọkọ. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Màmá ní kó dìde. Wọ́n bi í pé, "Níbo ni bàbá rẹ wà lọ́dún ogun?" Ọkùnrin náà wo ilẹ̀ títí, ó ní Benin ni ó ti ń ṣòwò, nígbà tí ọmọ ogun ìjọba gba Benin padà, òun kò tún fi ojú kàn án mọ́. Màmá na ọwọ́, wọ́n fa àga kan súnmọ́ tiwọn.

A fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ Èkó láàárọ̀, fíìmù kẹta ṣì wà nínú àpò mi. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.