Ta ni Ilé Ìtẹ̀wé Yunifásítì Ń Tẹ̀wé Fún?

Ní ọdún 1966, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford gbé ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá jáde. Lọ́dún yẹn kan náà, ti Cambridge tẹ ìwé gírámà Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ. Mo yìn wọ́n. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í tètè tà. Ẹni tó ń wá èrè ojú ẹsẹ̀ kò ní fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé yunifásítì gan-an nìyẹn: kí ó tẹ ohun tó níye lórí, bí olùrà rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àlàyé inú ìwé méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tó ni ohùn kò lè ka ohun tí wọ́n sọ nípa ohùn rẹ̀. N kò bá ará òkè òkun wí. Àwọn ènìyàn wọn ni wọ́n ń tẹ̀wé fún. Àwa ńkọ́? Bí yunifásítì tiwa bá ń tẹ ìwé tí olùkọ́ fi ń gba ìgbéga nìkan, ta ni yóò tẹ ìmọ̀ Yorùbá ní èdè Yorùbá? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí ará ilé náà rí nínú rẹ̀ lò.