“Wretched” kì í ṣe òtòṣì nìkan: Àríwísí lórí ìfúnni-ní-máàkì nínú aáyan ògbufọ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkókómáíkò tí a ti ń ṣiṣẹ́ bá “a wretched widow” pàdé nínú ìdánwò aáyan ògbufọ̀. Ó kọ “opó tí ìyà ń jẹ”. Òdo ni ó gbà, nítorí pé “òtòṣì” nìkan ni ìwé ìlànà máàkì fọwọ́ sí. Ní èrò tiwa, a rẹ́ ọmọ náà jẹ.

Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni Gẹ̀ẹ́sì lò níhìn-ín. Gbólóhùn ni àwa sábà máa ń fi sọ tiwa: ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹ, òṣì ń ta á, ìyà ń jẹ ẹ́. Ìnira ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Síbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Ìṣẹ́ ni àìlówó lọ́wọ́. Ó lè ṣẹ́ oníṣòwò Alábà lóṣù yìí, kí ó sì bọ́ nínú rẹ̀ lóṣù tí ń bọ̀. Òṣì a máa lé ẹbí àti ọ̀rẹ́ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan. Ní ti ìyà, ó lè jẹ olówó pàápàá. Ẹni tí a bá pè ní òtòṣì lójú ara rẹ̀ yóò gbà pé a bú òun ni. Ẹni tí a ní ìyà ń jẹ mọ̀ pé a káàánú òun.

Nínú Ìfihàn 3:17, òṣì ni Bíbélì Yorùbá fi dípò “wretched”, tálákà sì dípò “poor”. Ó bá a mu, nítorí ìbáwí ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé Frantz Fanon ti ọdún 1961, tí a ń pè ní The Wretched of the Earth ní Gẹ̀ẹ́sì. “Damnés” tí ó wà nínú àkọlé Faransé rẹ̀ túmọ̀ sí àwọn tí a ti dá lẹ́bi. Bí a bá pè wọ́n ní òtòṣì, a ti bo ọwọ́ amúnisìn tí ó fi ìyà jẹ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ni a pè ní “wretched”, jákujàku ni yóò bá a mu.

Nítorí náà, kí ìwé ìlànà máàkì gba ju ìdáhùn kan lọ, kí olùyẹ̀wò sì ka gbogbo àyọkà kí ó tó fa ìlà pupa. Àánú ni àyọkà opó yẹn ń sọ. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Àwa ni a kò gbọ́.